Ẹ̀fọ́ Ẹ̀yìnkùlé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òdú kì í ṣe àìmọ̀ fólóko. Ọ̀rọ̀ yìí ti di ohun tí a fi ń kí gbajúmọ̀ ènìyàn. Bí a bá fẹ́ fi ẹnì kan han àwùjọ, a ó ní òdú ni, kì í ṣe àìmọ̀ fólóko. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwa tí a ń pa òwe yìí lórí rédíò àti ní ibi ìgbéyàwó ni ó lè dá òdú mọ̀ bí a bá bá a pàdé lẹ́bàá ọ̀nà? Ẹ̀fọ́ ni òdú. Ewé rẹ̀ ni a ń sè; ó sì máa ń so èso wẹ́wẹ́ tí ń dúdú bí ó bá pọ́n. Òwe náà wà láàyè lẹ́nu wa, ẹ̀fọ́ tí ó bí òwe ni ó ń kúrò lójú wa. Ohun tí ó fa ìyàtọ̀ yìí ni a fẹ́ tọ pinpin nínú àròkọ yìí: bí ọgbà ẹ̀fọ́ ilé ṣe wà láàárín àwa Yorùbá, ohun tí ó gbà á lọ́wọ́ wa, àti ìdí tí gbogbo ìpè tí ìjọba ti pè pé kí a padà sí i kò fi tí ì mú un bọ̀ sípò.

Ìlú ńlá ni Yorùbá ń gbé láti ayébáyé, síbẹ̀ àgbẹ̀ ni wọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mábògùnjẹ́, nínú ìwé tí ó kọ ní 1968 lórí ìdàgbàsókè ìlú ní Nàìjíríà, wà lára àwọn tí wọ́n fi hàn pé àwọn ìlú Yorùbá ti wà kí òyìnbó tó dé, àti pé iṣẹ́ oko ni púpọ̀ nínú àwọn tí ń gbé inú wọn ń ṣe. Ọkùnrin kan lè ní ilé ní àárín Ìbàdàn tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, kí oko rẹ̀ wà ní ibi tí yóò fi ẹsẹ̀ rìn fún wákàtí púpọ̀ kí ó tó dé. Nítorí èyí ni àwọn baba wa ṣe pín oko sí méjì. Oko etílé ni èyí tí ènìyàn lè lọ ní òwúrọ̀ kí ó sì darí wálé ní ìrọ̀lẹ́. Oko ẹgàn ni èyí tí ó wà nínú igbó tí ó jìnnà, tí olóko ní láti kọ́ ahéré sí, tí ó sì lè lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ níbẹ̀ kí ará ilé tó tún fojú kàn án. Iṣu, àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti òwú ni a ń wá lọ sí àwọn oko wọ̀nyí, oko méjèèjì yìí náà sì ni àwọn òpìtàn sábà máa ń mẹ́nu bà, nítorí pé ohun tí ọkùnrin fi ọkọ́ ṣe ni ó máa ń wọ inú ìwé. Ṣùgbọ́n oko kẹta wà tí a kì í tilẹ̀ pè ní oko. Ẹ̀yìnkùlé ni.

Bí a bá wo bí agbo ilé àtijọ́ ṣe rí, ojúde wà níwájú, àgbàlá wà láàárín, ẹ̀yìnkùlé sì wà lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni balùwẹ̀ wà, ibẹ̀ náà ni ààtàn wà. Eérú inú ààrò, èèpo iṣu, ìgbẹ́ ewúrẹ́ àti ti adìẹ, ewé tí a fi pọ́n ẹ̀kọ, gbogbo rẹ̀ ni ó ń parí sí ààtàn. Àwọn àgbà ní ààtàn kì í kọ ìdọ̀tí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ààtàn kì í jẹ ìdọ̀tí gbé pẹ̀lú. Bí ó bá yá, yóò dá a padà ní ilẹ̀dú. Lórí ilẹ̀dú yìí àti ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí omi balùwẹ̀ ń ṣàn gbà ni ẹ̀fọ́ ti ń ṣe dáadáa jù. Ilẹ̀ oko ẹgàn kò lè ṣiṣẹ́ títí lọ; bí a bá ti dá a fún ọdún mélòó kan, a ó fi í sílẹ̀ kí igbó tún bò ó, kí ó lè sinmi. Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé kì í sinmi, nítorí pé ìyókù oúnjẹ tí ilé jẹ lánàá ni ó ń bọ́ ọbẹ̀ tí ilé yóò jẹ lọ́la. Lónìí, àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn ń fi ọ̀rọ̀ ńláńlá ṣàlàyé bí a ṣe lè sọ ìdọ̀tí inú ilé di ajílẹ̀. Àwọn ìyá wa kò fún un lórúkọ, wọ́n kàn ń ṣe é ni.

Ẹ̀fọ́ tí ń bẹ níbẹ̀ pọ̀. Ewúro máa ń dúró lẹ́bàá ògiri bí igi, kò ní hóró tí à ń wá kiri. Bí a bá gé ẹ̀ka rẹ̀ tí a rì í mọ́lẹ̀ tútù, yóò sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbúre, tí kò béèrè ju kí a ṣẹ́ igi rẹ̀ kí a sì fi há ilẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ ni à ń fọ́n, hóró wọn sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ní láti pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kí ó má baà dà jọ sójú kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, tẹ̀tẹ̀ ti tó fún ọbẹ̀. Ewédú ní èèwọ̀ tirẹ̀: awọ hóró rẹ̀ le, bí a bá sì gbìn ín lásán, ó lè pẹ́ nínú ilẹ̀ láìhù. Àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n gbìn máa ń di hóró náà sínú aṣọ, wọn a fi í kan omi gbígbóná fún ìgbà díẹ̀, wọn a sì yára mú un kúrò. Omi gbígbóná tí ń pa irúgbìn mìíràn ni ó ń jí ti ewédú. A kò mọ orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ rí èyí, ṣùgbọ́n àwárí ni, kì í sì í ṣe àwárí kékeré. Bí kòkòrò bá ń jẹ ewé, eérú tútù inú ààrò ni a ó bù wọ́n ọn ní kùtùkùtù, nígbà tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀. Àwọn ẹ̀fọ́ mìíràn wà tí a kì í gbìn rárá, bíi yánrin àti ẹbòlò. Ẹbòlò fẹ́ràn ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sun. Ohun tí ọgbọ́n ilé ń ṣe fún irú wọn ni pé kí a dá wọn mọ̀, kí ọkọ́ má sì gé wọn mọ́ koríko. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ẹ̀yìnkùlé bá gbẹ, àkùrọ̀ ń bẹ létí odò.

Àgbègbè kọ̀ọ̀kan ní èyí tí ó mọ̀ jù. Ewédú ni ti àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn tí wọ́n ń jẹ àmàlà. Àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà mọ rírì wọ̀rọ̀wọ́, ẹ̀fọ́ tí ó fẹ́ràn ibòòji, tí ó sì máa ń ṣe dáadáa lábẹ́ igi kòkó. Àwọn Ìkálẹ̀ ní marúgbó, ọbẹ̀ dúdú tí àjèjì máa ń bẹ̀rù kí ó tó tọ́ ọ wò. Kì í sì í ṣe ọbẹ̀ nìkan ni ọgbà náà wà fún. Ọ̀dúndún, tẹ̀tẹ̀ àti rinrin jẹ́ ewé ẹ̀rọ̀, tí a ń lò níbi tí a bá ti ń fẹ́ kí ayé tutù, yálà níbi oyè ni o, tàbí níbi ètùtù. Ẹfinrin wà fún inú rírun. Obìnrin tí ó ní ẹ̀yìnkùlé ní ilé oògùn kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná rẹ̀. Òwú tí ìyá gbọ̀n ni ọmọ ń ran. Ọmọbìnrin tí a rán lọ já ẹ̀fọ́ wá ti ń kẹ́kọ̀ọ́ láìjókòó sí kíláàsì kankan.

Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra, kí a má sọ pé gbogbo ohun tí ó wà nínú ọgbà yìí ni ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ewúro àti ìṣápá jẹ́ ti ilẹ̀ Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ata tí a ń lọ̀ lójoojúmọ́, tòmátì, àti gbúre pàápàá, láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá, lẹ́yìn tí àwọn ará Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í ré òkun kọjá ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún. Kí ata wọ̀nyí tó dé, ataare, ìyèré àti ẹ̀ẹ̀rù ni ó ń ta lọ́bẹ̀. Àlùbọ́sà gba ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá wá, àwọn náà sì gba orúkọ rẹ̀ láti inú èdè Lárúbáwá. Ohun tí èyí kọ́ wa ni pé ọgbà àwọn ìyá wa kì í ṣe ibi ìpamọ́ ohun àtijọ́. Ibi ìdánwò ni. Wọ́n gba ohun tí àjèjì mú wá, wọ́n wò ó bí ó bá ilẹ̀ àti ọbẹ̀ mu, wọ́n sì sọ ọ́ di ọmọ ilé débi pé ọmọ ọmọ wọn ń bú ẹni tí kò lè jẹ ata pé kì í ṣe Yorùbá.

Ọ̀ràn ilẹ̀ ni ó mú kí ìtàn yìí jinlẹ̀. Lábẹ́ àṣà wa, ìdílé ni ó ni ilẹ̀. Obìnrin tí a fẹ́ wá sí agbo ilé kì í bá wọn pín ilẹ̀ níbẹ̀ bí ọmọ bíbí ilé ṣe ń pín. Àwọn tí wọ́n kọ̀wé lórí òfin ilẹ̀ Yorùbá, bíi Peter Lloyd ní 1962, sì fi ìyàtọ̀ hàn láàárín irúgbìn ọlọ́dọọdún àti igi tí ń pẹ́ nílẹ̀. Ẹni tí a yá ní ilẹ̀ lè gbin iṣu, àgbàdo àti ẹ̀fọ́ sí i; ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin kòkó, obì tàbí ọ̀pẹ láìgba àṣẹ, nítorí pé igi a máa jẹ́rìí. Ẹni tí ó ni igi lè dìde lọ́jọ́ kan kí ó ní òun ni òun ni ilẹ̀. Ẹ̀fọ́ kì í jẹ́rìí. A fọ́n ọn lóṣù yìí, a já a jẹ lóṣù tí ń bọ̀, kò sí ilé ẹjọ́ tí a lè gbé e lọ. Nítorí pé kò lè gba ilẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ni ó fi di irúgbìn àwọn tí kò nílẹ̀: ìyàwó ilé, àlejò, opó, àti ìyá àgbà tí agbára àtirìn dé oko kò sí fún mọ́. Ààbò ni èyí jẹ́ fún un nígbà náà. Ṣùgbọ́n àléébù rẹ̀ náà nìyẹn, gẹ́gẹ́ bí a ó ṣe rí i. Ohun tí kì í jẹ́rìí fún ẹni tí ó gbìn ín, kò lè jẹ́rìí fún ara rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá di owó.

Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, tí ogun gba ilẹ̀ Yorùbá kan, ìtumọ̀ oúnjẹ tí ó súnmọ́ ilé hàn kedere. Oko ẹgàn ni ogun kọ́kọ́ ń gbà. Nígbà ogun Ìjàyè, láti 1860 sí 1862, ebi wà lára ohun tí ó ṣẹ́gun ìlú náà kí ó tó fọ́, nítorí pé ọ̀tá ti há àwọn ará Ìjàyè mọ́ kúrò lórí oko wọn. Ní Ìbàdàn, ìyàwó míṣánnárì kan, Anna Hinderer, tí ó ń gbé Kúdẹtì láti 1853, kọ nípa ìyà tí ó jẹ òun àti ọkọ rẹ̀ nígbà kan náà, nígbà tí ọ̀nà Abẹ́òkúta dí tí ohun tí wọ́n ń retí láti Èkó kò lè dé. Ebi kò pa gbogbo ará ìlú bí ó ṣe pa wọ́n, nítorí pé kì í ṣe ojú ọ̀nà Èkó ni oúnjẹ ará ìlú ń gbà wá. Odi tí Ìbíkúnlé mọ yí Ìbàdàn ká ní nǹkan bí 1858 pàápàá gba ilẹ̀ tí ó ju ibi tí ilé wà lọ. Àwọn jagunjagun mọ̀ pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Báwo wá ni a ṣe pàdánù ohun tí ogun kò lè gbà? Ìdáhùn rẹ̀ kò sí ní ọ̀nà kan ṣoṣo. Èkíní ni ojú tí ìjọba òyìnbó fi wo iṣẹ́ àgbẹ̀. Ní 1887, ní àkókò Gómìnà Alfred Moloney, wọ́n dá ọgbà ìdánwò kan sílẹ̀ ní Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta. Ohun tí wọ́n ń wá níbẹ̀ ni irúgbìn tí ọkọ̀ òkun lè kó lọ sí ilẹ̀ wọn: kòkó, kọfí, rọ́bà, òwú. Bákan náà ni ìṣẹ́ ìwádìí tí ó tẹ̀ lé e ní Moor Plantation ní Ìbàdàn ṣe bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹ̀bi níbẹ̀ lójú tiwọn, nítorí pé ewúro kò lè sanwó orí fún ìjọba. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ṣe pẹ́ tó. Ọdún 1975 ni ìjọba àpapọ̀ tó dá ilé ìwádìí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti èso àti ẹ̀fọ́ gan-an sílẹ̀, ní Ìdí-Ìṣin ní Ìbàdàn. Ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún ni ó wà láàárín ọgbà Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta àti èyí.

Èkejì ni wolé-wolé. Ẹnikẹ́ni tí ó bá dàgbà sí ìlú ńlá ní ayé òyìnbó yóò rántí bí ìròyìn pé wolé-wolé ń bọ̀ ṣe máa ń da àdúgbò rú. Wọn a wo inú ìkòkò omi bóyá ìdin ẹ̀fọn wà níbẹ̀, wọn a wo ẹ̀yìnkùlé bóyá igbó wà níbẹ̀, wọn a sì kọ orúkọ onílé fún adájọ́. Iṣẹ́ tí ó dára ni wọ́n ń ṣe. Ibà àti àjàkálẹ̀ àrùn kì í ṣe eré. Ṣùgbọ́n ààtàn tí ó jẹ́ orísun ilẹ̀dú di ẹ̀ṣẹ̀ lójú òfin, ohunkóhun tí ó bá sì jọ igbó lójú ẹni tí kò mọ ẹ̀fọ́ di ohun tí à ń fi ara pamọ́ gbìn. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn eku tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1924, ìjọba dá àjọ tí yóò máa tún ìlú ṣe sílẹ̀ ní 1928. Láti 1955 ni àjọ náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín Èkó, tí a sì kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Sùúrùlérè. Ní ibùgbé àwọn òyìnbó, koríko tí a gé mọ́lẹ̀ àti òdòdó ni ó yí ilé ká. Nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé tiwa wọ inú àwọn ilé wọ̀nyí, wọ́n jogún koríko àti òdòdó pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ilé.

Ẹ̀kẹta ni ilé ìwé. Ilé ìwé ní oko lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá pẹ́ dé ni à ń rán lọ ro ó. Ọmọ tí ó mọ ìwé jókòó sí kíláàsì; ọmọ tí ó ṣẹ̀ gba ọkọ́. A kò lè sọ ọkọ́ di pàṣán fún ọgọ́ta ọdún kí a tún máa ṣe kàyéfì pé ọ̀mọ̀wé kò fẹ́ fọwọ́ kàn án. Ẹ̀kẹrin ni sìmẹ́ńtì. Bí owó ilẹ̀ ṣe ń gòkè, yàrá tí a lè fi háyà níyì ju ebè ẹ̀fọ́ lọ. Onílé kọ́ ilé kan mọ́ ẹ̀yìn ilé, ó sì da kọnkéré sí ìyókù kí ẹrẹ̀ má baà wà. Ẹ̀fọ́ kò lè jẹ́rìí pé òun ti wà níbẹ̀ rí.

Àwọn ará Èkó ni wọ́n kọ́kọ́ mọ ohun tí ó túmọ̀ sí láti máa jẹun láti ọ̀nà jíjìn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, oúnjẹ wọ́n ní Èkó, ìjọba sì gbé ìlànà kalẹ̀ láti fi òfin de iye owó gàrí àti àwọn oúnjẹ mìíràn. Orúkọ ọ̀gá tí ó wà nídìí rẹ̀, Captain A. P. Pullen, ni a fi ń pe ètò náà. Àwọn ìyá ọlọ́jà, lábẹ́ Àlímọ̀tù Pẹlẹ́wúrà, kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní iye tí ìjọba dá kò tó ohun tí àwọn fi rà á lóko. Ìjà àárín ọjà àti ìjọba ni ìwé ìtàn ń sọ, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a rí ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀: ìlú kan ti dé ibi tí ẹni tí ó di ojú ọ̀nà mú lè di ọ̀nà ọ̀fun mú pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó padà wá ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà. Owó epo rọ̀bì ti wọlé, oúnjẹ ilẹ̀ òkèèrè sì ń wọlé tẹ̀ lé e. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1976, ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé ètò tí a mọ̀ sí Operation Feed the Nation kalẹ̀. Wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn gbin nǹkan, kí olùkọ́, akọ̀wé àti sójà má ṣe yọ ara wọn sílẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lọ ṣiṣẹ́ oko nígbà ìsinmi gígùn, àgbàdo àti ẹ̀fọ́ sì hù níwájú ọ́fíìsì àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Fún ìgbà díẹ̀, ohun tí ó ti di ìtìjú tún di iyì. Ní 1979, ìjọba alágbádá gba ipò. Nígbà tí ó fi di 1980, ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari ti gbé Green Revolution wá. Orúkọ yí padà, ìpè náà ni kò yí padà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fi ètò 1976 ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n yẹ̀yẹ́ kọ́ ni ó tọ́ sí i. Èrò rẹ̀ dára. Ohun tí ó kù káàtó ni pé ó bá gbogbo ènìyàn sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìfẹ́ àtigbìn ni ó tán, nígbà tí ó jẹ́ pé ilẹ̀ ni ó tán. Òfin ilẹ̀ tí ìjọba kan náà ṣe ní 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà rẹ̀. Ó fún ìjọba ìbílẹ̀ ní àṣẹ láti fún àgbẹ̀ ní ilẹ̀ oko tí ó lè tó 500 hẹ́kítà ní ìgbèríko. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ó ti ní kí a ya ilẹ̀ kékeré sọ́tọ̀ nínú ìlú fún ìyálé ilé tí kò béèrè ju ibi tí yóò fọ́n tẹ̀tẹ̀ sí lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ilé iṣẹ́ ti lé àgbẹ̀ wọ ìlú kí ti wa tó bẹ̀rẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 1908 sọ ọ́ di dandan fún ìjọba ìbílẹ̀ pé, bí ó bá hàn pé àwọn ará ìlú ń fẹ́ ilẹ̀ tí wọn yóò fi gbin oúnjẹ ilé wọn, kí ó wá a fún wọn, kí wọ́n sì máa san owó kékeré lórí rẹ̀. Òfin 1925 tún ní ìjọba ìbílẹ̀ kò gbọdọ̀ ta irú ilẹ̀ tí a rà fún èyí láìgba àṣẹ lọ́dọ̀ mínísítà. Ilẹ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan kò tó ìdajì púlọ́ọ̀tì kan ní Èkó. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dé, tí ìjọba wọn ké sí gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, ìpè náà bá ilẹ̀ nílẹ̀. Iye irú ọgbà bẹ́ẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù kan nígbà ogun náà. Títí di òní, ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ọmọ Áfíríkà àti ti erékùṣù Kàríbíánì ń gbin tẹ̀tẹ̀, tí àwọn ará Jàmáíkà ń pè ní callaloo, sí orí irú ilẹ̀ yìí. Ó pani lẹ́rìn-ín, ó sì dunni: tẹ̀tẹ̀ rí òfin tí ó gbèjà rẹ̀ nínú òtútù Lọ́ńdọ̀nù, kò rí i ní ilé.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ lásán ni èyí, kí ó wo ọdún díẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Ní 2016, kòkòrò kan ba tòmátì jẹ́ ní Kàdúná àti àwọn ìpínlẹ̀ tí ó yí i ká, tòmátì sì di ohun ọ̀wọ́n ní Èkó àti Ìbàdàn. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, tí ìjọba ní kí àwọn ará Èkó àti Ògùn jókòó sílé nítorí àrùn kòrónà, ọ̀pọ̀ ni ó wo àgbàlá rẹ̀ tí kò rí ju kọnkéré lọ. Ní ọdún 2021, lẹ́yìn rògbòdìyàn ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn, àwọn tí ń kó oúnjẹ wá láti Òkè Ọya dá ọkọ̀ wọn dúró fún ọjọ́ mélòó kan, iye owó àlùbọ́sà àti tòmátì sì fò sókè. Kí ẹnikẹ́ni má fi èyí dá ọ̀tá sílẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ Òkè Ọya ni wọ́n ti ń bọ́ wa láti ìgbà pípẹ́, ọpẹ́ ni ó tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n ilé tí ọbẹ̀ rẹ̀ wà nínú tírélà kò lè sùn fọnfọn. Ní oṣù keje ọdún 2023, ìjọba Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ti di pàjáwìrì; lẹ́yìn náà ni aya Ààrẹ náà ń rọ àwọn obìnrin pé kí ilé kọ̀ọ̀kan ní ọgbà tirẹ̀. Ìpè 1976 tún nìyẹn, ẹ̀yìnkùlé sì ti kéré sí i láti ìgbà náà.

Àwọn tí ń gbin ẹ̀fọ́ nínú ìlú kò tán o. Ní ẹ̀bá òpópónà Èkó sí Badagry, a lè rí ebè ẹ̀fọ́ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, tí àwọn ènìyàn láti ibi púpọ̀ ń bomi rin láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Iṣẹ́ takuntakun ni, àwọn ni ó sì ń fún ìlú ní tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ. Ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀ àwìn ni wọ́n wà. Ọjọ́ tí onílẹ̀ bá fẹ́ kọ́lé, wọn a kó ọkọ́ wọn. Èéfín ọkọ̀ àti omi gọ́tà sì lè ba ohun tí a gbìn sẹ́bàá ọ̀nà jẹ́, nígbà tí ẹni tí ń jẹ ẹ́ kò mọ omi tí a fi rin ín. Ìyá tí ń já ewúro lẹ́yìnkùlé rẹ̀ mọ̀.

Ohun tí ó lè fún wa ní ìrètí ni pé ìmọ̀ yìí ti la ohun tí ó burú jù èyí lọ já. Àwọn baba àti ìyá wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Bàhíà ní Brazil kò mú ilẹ̀ lọ, wọn kò sì mú ẹ̀yìnkùlé lọ. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, wọ́n wá ewé tí ó jọ ti ilé, wọ́n fi epo pupa àti edé gbígbẹ sè é, wọ́n sì pè é ní efó. Orúkọ náà ni àwọn ará Bàhíà ń pè é títí di òní. Ewé yí padà, orúkọ àti ọgbọ́n sísè rẹ̀ dúró. Tiwa níhìn-ín ti fẹ́ yí sí òdìkejì: ewé ṣì ń hù fúnra rẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà wa, orúkọ rẹ̀ ni kò sí lẹ́nu àwọn ọmọ wa mọ́.

Kì í ṣe pé kí gbogbo wa di àgbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ń wí. Ẹnikẹ́ni tí ó ní ìwọ̀n ilẹ̀ bí ẹní kan, tàbí àpò ìrẹsì àtijọ́ tí a rọ yẹ̀pẹ̀ sí, lè gbin ewúro àti gbúre; ohun tí ó lè ṣe nìyẹn. Ohun tí kò lè dá ṣe ni ti òfin. Ìjọba ìbílẹ̀ tí ó lè ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ibùdókọ̀ àti fún ṣọ́ọ̀bù lè ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀fọ́, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé a kò gbọdọ̀ tà á. Ilé ìwé náà lè sọ oko di ẹ̀kọ́, kí ọmọ tí ó bá mọ̀wé jù ni kí a kọ́kọ́ fún ní irúgbìn. Àwọn ìyá àgbà tí wọ́n mọ àṣírí hóró ewédú ṣì wà láàyè ní abúlé àti ní ìlú, ṣùgbọ́n iye wọn ń dín kù lọ́dọọdún. Yorùbá gbà pé tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́. Òótọ́ ni, bí àwùjọ ẹ̀fọ́ bá ṣì wà. Láti ìgbà tí a ti dá ilẹ̀ yìí ni ẹ̀fọ́ ti ń bọ́ wa láìbéèrè ẹ̀tọ́ kankan, nítorí pé ẹ̀fọ́ kì í jẹ́rìí. Ẹnu àwa tí a jẹ ẹ́ dàgbà ni ẹ̀rí rẹ̀ kù sí.